Ilà Pupa Mẹ́tàléláàádọ́rin

Awakọ̀ tó ń bá wa kó ẹrù ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Má-kánjú là ń pè é, torí ohun tí gbogbo èrò ń pariwo mọ́ ọn láti ẹ̀yìn ọkọ̀ nìyẹn.

"Ìyá, obìnrin kan wà lóko yín," ló wí. Kò tilẹ̀ kí mi. "Ó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún. Ó ń ka igi tòmátì yín."

"Ó ń kà á báwo?"

"Lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ tó ń ka ọmọ ilé ìwé. Ó ti dé orí ebè kẹrìnlélógún nígbà tí mo kúrò níbẹ̀."

Èmi tí mo ti bá agbowó ọjà wọ̀yá ìjà ní gbangba, tí mi ò ṣẹ́jú, ńṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo lè sá sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mi ò wá gba àánú lọ́wọ́ yín. Mo ṣe ohun tí kò dáa, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu Má-kánjú. Òun máa ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Ọkọ mi kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó fi ilẹ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú gbèsè tó tóbi ju ilẹ̀ náà lọ. Ìwé mẹ́ta ni mo kà tí mo fi jáde, ọjà ló kọ́ mi ní ìyókù. Mo lè fi ojú wọn apẹ̀rẹ̀. Mo lè gbọ́ irọ́ oníbàárà kó tó la ẹnu.

Àwa mẹ́jọ tí oko wa fara kanra la para pọ̀ di ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà. Ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa, gbogbo wa la jọ ni ín. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀, àwa mẹ́jọ la ṣẹ̀. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn.

Olórí wa ni Bàbá Ajílẹ̀. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ajílẹ̀ ju bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn ìyàwó lọ. Ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ màlúù, eérú, yóò tò wọ́n léra wọn bí ẹni ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Yóò ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, yóò gbé e símú, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti jinná."

"Ẹ má bù ú sáwo fún mi o, bàbá," ni mo máa ń dá a lóhùn.

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi dúró kí wọ́n tó fún wa níwèé. Wọ́n ní oògùn àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ilẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ilẹ̀ fi gbààwẹ̀, tí kòkòrò ń jẹ irè oko wa yó. Ata gígún àti omi ọṣẹ la fi ń lé wọn. Aládùúgbò wa ń fín oògùn, nítorí náà a fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín àwa àti òun, a gbin àgbàdo síbẹ̀ kó di ògiri. A kì í tilẹ̀ yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn, àní ká fi pọn omi.

Ẹni tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Ìyàwó ni mo ń pè é, òun náà ń pè mí ní ìyálé. Ó kàwé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ọjọ́ tí a gbìn, ọjọ́ tí a ká, iye apẹ̀rẹ̀ tó ti oko ẹnì kọ̀ọ̀kan jáde, kò sí èyí tí kò sí nínú ìwé ńlá rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ sì ti rí àyè sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Àpò ẹgbẹ́ ló fẹ́ yá a lówó tí ọmọ máa fi wọlé lóṣù kẹsàn-án.

Èmi ni olùtajà ẹgbẹ́. Èmi ni mo ń kó ẹrù lọ sí ìgboro, ọwọ́ mi sì ni sítíkà wà. Sítíkà kékeré ni, àwòrán ewé tútù kan ló wà lójú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí ewé bá wà lára rẹ̀, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọjà lọ́nà méjì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, títí ọ̀gá alásè òtẹ́ẹ̀lì kan fi pè mí sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ọkùnrin gíga ni, fìlà funfun rẹ̀ tún fi gíga kún gíga.

"Ìyá Eléwé, apẹ̀rẹ̀ mẹ́sàn-án kò tó mi mọ́. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fẹ́ lọ́sẹ̀."

"Mẹ́sàn-án ni ilẹ̀ ń bí, ọ̀gá."

"Ẹ bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ kó fi ìbejì kún un. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ n tètè mọ̀, kí n wá ẹlòmíràn."

Ọ̀rọ̀ "ẹlòmíràn" yẹn ló wọ̀ mí lára.

Mo ti ń wo ìsọ̀ kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ilẹ̀kùn irin, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó ní àjà tí kì í jò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tajà lábẹ́ agboòrùn tí ihò ara rẹ̀ ju aṣọ rẹ̀ lọ. Onísọ̀ ní bí mo bá lè san ìdajì owó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tèmi ni.

Mo sọ fún ọ̀gá alásè pé, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹ máa rí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòmátì lọ́pọ̀, mo ra apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà. Mo fi aṣọ nù wọ́n. Mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo fà sẹ́yìn, mo wò ó. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, ta ló mọ èyí tí inú ń run? Mo bó sítíkà mẹ́fà, mo lẹ̀ ẹ́.

Ṣé tòmátì mọ̀wé ni? Tòmátì ò mọ̀wé. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọlọ́jà ni mí, ọlọ́jà tí kò bá sì mọ èrè rẹ̀, ọ̀fẹ́ ló ń tà. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fi ń fa ilà. Apẹ̀rẹ̀ kan, ilà kan. Èyí tó bá ti oko wá, báírò búlúù. Èyí tó bá ti ọjà wá, báírò pupa, kí owó ẹgbẹ́ má baà dà pọ̀ mọ́ tèmi. Ẹ ò rí ayé? Mo ń jalè, mo sì ń ṣe òótọ́ nínú ìwé.

Mo ń fa pupa, owó ń wọlé. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ọ̀gá alásè mú tòmátì kan, ó yí i sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún.

"Ìyá Eléwé, tòmátì yín yìí ń dán ju iwájú orí mi lọ. Kòkòrò ò tilẹ̀ fẹnu kàn án!"

"Kòkòrò ti kó lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wa, ọ̀gá. Wọ́n ní ibẹ̀ ló dùn."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi ò kọjá ọ̀fun. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo jókòó, mo ń dá ihò sí tòmátì ọjà níkọ̀ọ̀kan kó lè jọ ti oko. Àgbàlagbà bíi tèmi, tí mo sọ ara mi di kòkòrò!

Lóṣù kẹta, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì àwọn tó fún wa níwèé. Bàbá Ajílẹ̀ pè wá jọ sínú abà. Ìyàwó ló ka lẹ́tà sí wa létí.

"Wọ́n ní iye apẹ̀rẹ̀ tí a kọ pé a ká kò tó iye sítíkà tí a lò. Wọ́n ní ká ṣàlàyé."

 Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ka sítíkà. Mo rò pé bí ẹni ra gọ́ọ̀mù ni.

Gbogbo ojú yí sí Ìyàwó. Alálùbọ́sà, ọ̀kan nínú àwa mẹ́jọ, tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn tèmi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu ọkùnrin yẹn mú ju àlùbọ́sà rẹ̀ lọ.

"Ìwọ lò ń kọ ọ́. Àbí o máa ń sùn nídìí ìwé?"

"Mi ò fo ìkankan," ni Ìyàwó wí. "Ohun tó jáde lóko ni mo kọ. Ẹ bi ìyálé mi, ojú wọn ni wọ́n ṣe ń dì í sọ́kọ̀."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu lóòótọ́. Ohun tó jáde níbẹ̀ nìyí:

"Ẹ má bínú sí i. Iṣẹ́ pọ̀ fún Ìyàwó lọ́dún yìí, ọkàn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ọmọ tó fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́. Bóyá ó gbàgbé díẹ̀."

Mo sọ ọ́ bí ẹni ń gbèjà rẹ̀. Èyí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gba ìwé ńlá lọ́wọ́ Ìyàwó, wọ́n gbé e fún Alálùbọ́sà. Bàbá Ajílẹ̀ ní àpò ẹgbẹ́ ò ní yá ẹnikẹ́ni lówó títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi lójú.  Lọ́nà ilé, Ìyàwó gba ẹrù orí mi, ó bá mi rù ú dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyálé mi, ẹ ṣeun tí ẹ gbè mí lẹ́yìn."

Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ka ilà pupa inú ìwé mi. Mẹ́tàdínláàádọ́rin: mẹ́fà mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, àti ẹyọ kan tí mo fi dí àlàfo ọ̀sẹ̀ tí oko so mẹ́jọ péré.

Ṣé mo wá ṣíwọ́? Mi ò ṣíwọ́. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà péré ló kù kí owó ìsọ̀ mi pé. Mo ní kí n parí mẹ́fà yìí, kí n sì di ọmọlúàbí láti ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́ tí mo kó mẹ́fà náà tà tán, tí mo fa ilà pupa kẹtàléláàádọ́rin, ni Má-kánjú wá sọ fún mi pé obìnrin oníbàtà rọ́bà ń ka tòmátì.

"Gbé mi lọ sóko," mo ní. "Sáré!"

Ó wò mí bí ẹni rí iwin. "Ìyá, ẹ̀yin náà?"

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́rú ni tèmi bọ́ sí, nínú oòrùn ọ̀sán, nínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Mo ń làágùn, mo ń fẹ́ra, mo ń ro irọ́ tí màá pa.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló ti pé síwájú abà nígbà tí mo dé. Aláyẹ̀wò tí ọ́fíìsì ìwé ẹ̀rí rán wá kéré lọ́jọ́ orí, ó lè bí mi... kí ni mò ń wí? Mo lè bí i. Ó kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú bàtà rọ́bà yẹn.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀yin la ń retí. Mo ti ka igi yín. Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, bí ẹ bá tilẹ̀ ń kọrin fún un, kò lè so ju apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀. Sítíkà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló sì ń lọ."

Kí n tó dáhùn, Ìyàwó ti bọ́ síwájú. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó rí ẹlẹ́rìí.

"Mo sọ fún yín pé ìyálé mi ń bọ̀! Kò sí ohun tí wọ́n ń tà tí wọn kì í fa ilà rẹ̀. Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé kékeré yín jáde, kí wọ́n fi wé tèmi. Kí gbogbo ayé rí i pé mi ò fo ìkankan."

"Mo... mo gbàgbé rẹ̀ sọ́jà."

Má-kánjú ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Ó nu ẹnu.

"Ìyá, èwo lẹ wá fi ń fẹ́ra yín nínú ọkọ̀?"

Ẹ ò rí ẹnu! Mo wo ọwọ́ mi. Ìwé náà ni mo dì mú gírígírí.

Aláyẹ̀wò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ṣí i. Ó ṣí ewé kejì. 

"Ilà yín gún régé, mà. Kí ni búlúù?"

"Apẹ̀rẹ̀ tí mo tà."

"Kí ni pupa?"

"Báírò búlúù ló tán."

"Lọ́jọ́ kan náà? Mẹ́sàn-án búlúù, mẹ́fà pupa. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́sàn-án búlúù, mẹ́fà pupa. Báírò yín máa ń tán, á sì tún padà wá?"

Ẹnìkan pòṣé. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sórí, mo bá lo ọgbọ́n ọjà. Mo rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ọmọ mi, oòrùn ti pa ọ́ láti àárọ̀. Jẹ́ kí n bá ọ di apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan sínú ọkọ̀, kí o gbé e lọ sílé."

Ó wò mí. Kò bínú rárá.

"Ẹ ṣeun, mà. A kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí a wá yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín. Ti búlúù ni, àbí ti pupa?"

 Mo bojú wo ẹ̀gbẹ́, mo rí Ìyàwó. Ó ti yé e. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti kú. Kò bú mi. Ó kàn rọra gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan yẹn ló tú mi lẹ́nu.

"Ìyàwó ò fo nǹkan kan," mo ní. "Òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ. Ọjà ni mo ti ra pupa. Mẹ́tàléláàádọ́rin ni. Èmi ni mo lẹ ewé mọ́ ọn."

Alálùbọ́sà pàtẹ́wọ́. "Háà! Mo ti rí olè, mi ò rí èyí tó ń já risíìtì fún ara rẹ̀ rí!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Ajílẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sẹ́bàá ajílẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n.

"Ọdún mẹ́ta," ló wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ọwọ́ yìí po ìgbẹ́."

"Bàbá, ẹ máa bínú. Ṣùgbọ́n tòmátì náà ò pa ẹnikẹ́ni."

Aláyẹ̀wò ló dá mi lóhùn.

"Mà, ìwé yìí ò sọ pé tòmátì yín dùn. Kò sì sọ pé ti ẹlòmíràn ń pa èèyàn. Ohun tó sọ ni pé bí ẹ ṣe dáko, ẹnìkan wò ó. Àti pé a lè mú apẹ̀rẹ̀ kan lórí tábìlì, ká tọ̀ ọ́ padà títí dé orí ebè tó ti jáde. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ò lè dé ibí. Ìwé yìí ni ojú tó fi ń wo oko yín. Ẹ ti ki ìka bọ̀ ọ́."

Mo ti ń tajà láti kékeré, kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wa fún odidi ìgbà ọ̀gbìn kan. Ilẹ̀ ò jẹ̀bi, kò ní tún ààwẹ̀ gbà. Olùtajà ló jẹ̀bi. Àwa mẹ́jọ la jọ ta tòmátì láìní ewé, ní iye ọjà, pẹ̀lú gbogbo ihò kòkòrò ara rẹ̀. Ihò gidi, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́.

Òtẹ́ẹ̀lì ní ká dá owó ewé tí wọ́n san lórí apẹ̀rẹ̀ mẹ́tàléláàádọ́rin padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á polongo wa káàkiri. Bàbá Ajílẹ̀ san án lọ́jọ́ kejì láti inú àpò ẹgbẹ́. Àpò gbẹ fúrúfúrú. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án pé, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ìyàwó wọlé ẹ̀kọ́, òun ń bá ìyá rẹ̀ tu koríko. Bí mo bá ń kọjá, á dìde, á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ì bá ṣépè fún mi, ì bá sàn.

Mo lọ bá onísọ̀, mo gba owó tí mo ti ń san sílẹ̀ fún un padà. Ó yọ díẹ̀ níbẹ̀, ó ní mo fi àkókò òun ṣòfò. Mo kó o sínú àpò ẹgbẹ́, ó san ogójì nínú ilà pupa. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣẹ́kù. Mo padà sábẹ́ agboòrùn mi.

Wọ́n dá ìwé ńlá padà fún Ìyàwó, wọ́n sì fi ìwé kékeré tèmi kún un. Àárọ̀ Sátidé gbogbo ni mo ń lọ bá a nínú abà. Bí mo bá rí owó apẹ̀rẹ̀ kan, màá san ti ọ̀kan. Bí mo bá rí ti méjì, màá san méjì. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí mi ò rí nǹkan kan, màá sì lọ sọ bẹ́ẹ̀. Yóò ka owó náà, yóò mú báírò búlúù, yóò fà á kọjá lórí pupa.

"Ó pé, mà."

Mà! Ọdún méjìdínlógún ni mo fi jẹ́ ìyálé rẹ̀, ó wá sọ mí di mà, bí ẹni ń dá oníbàárà lóhùn. Mi ò bèèrè ìdí. Ẹni tó da ilẹ̀ ò gbọdọ̀ bi ilẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi kí òun.

Ìgbà ọ̀gbìn kọjá, ewé wa padà dé. Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe olùtajà, wọ́n ní kí n máa po ajílẹ̀ pẹ̀lú Bàbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti ń mọ èyí tó jinná.

Sátidé tó kọjá ni mo mú owó ilà tó kẹ́yìn lọ. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì tuntun. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú owó tí àpò ẹgbẹ́ yá ìyá rẹ̀. Mo ka owó sórí tábìlì. Ìyàwó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Inú mi ò bàjẹ́ sí i. Bí èmi bá ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni màá kà á.

Ó ṣí ìwé kékeré náà, ó wo ilà pupa kan tó ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ló yí ìwé síwájú mi, ó na báírò sí mi.

Mo fà á. Kò gún bí àwọn yòókù.

Ó pa ìwé dé.

"Ó pé, ìyálé mi."